Mọ́tò Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ládiípọ̀

Ẹjọ́ orúnkún àti mọ́tò ló dé ààfin Pobè lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Súbérù, oníṣòwò ará Sakété, ló pe Bàbá Ládiípọ̀, àgbà mẹkáníìkì, lẹ́jọ́. Gbogbo ènìyàn dọ̀bálẹ̀ fọ́ba. Ládiípọ̀ nìkan ló dúró gbọnrangandan, ó di ògiri mú.

"Kábíyèsí, ẹ forí jì mí. Bí mo bá lọlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ lẹ ó sin mí sí."

Àwọn ìjòyè kùn. Ọba ní kí Súbérù rojọ́.

"Kábíyèsí, mọ́tò tí mo rà lọ́wọ́ kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, nígbà tó ń padà sílé, mo ní kí bàbá yìí bá mi wo abẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí mo dé, ó ti fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀! Adìẹ ti yé sínú ẹ̀! Mọ́tò tí mo fẹ́ fi sin Màrúfátù ọmọ mi lọ ilé ọkọ ní Jímọ̀! Ẹ gba sípánà lọ́wọ́ ẹ̀, kó má fọwọ́ kan irin mọ́ láyé."

Wọ́n gba sípánà lọ́wọ́ Ládiípọ̀, wọ́n gbé e síwájú ọba. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà ti ń fi sípánà náà jẹun.

"Ìwọ lo dà á délẹ̀?" Ọba bi í.

"Èmi kọ́, Kábíyèsí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ni."

"Mọ́tò?"

"Ọ̀kan nínú èmi àti mọ́tò gbọ́dọ̀ lọlẹ̀ kí n tó rí abẹ́ ẹ̀. Súbérù fúnra ẹ̀ ló ní mọ́tò náà kò ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Èmi ti lé ní àádọ́rin. Ta lẹ̀gbọ́n níbẹ̀? Ṣé kí n wá dọ̀bálẹ̀ fọ́mọ àná?"

"Mọ́tò náà ti darúgbó!" Súbérù pariwo. "Gbogbo oríkèé ẹ̀ ló ń dún!"

"Tèmi ń dún ju tiẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́!" Ládiípọ̀ tẹ orúnkún kan díẹ̀. Ó dún kọ̀ọ́. Ìjòyè kan sá sẹ́yìn.

Eugénie, ìyàwó Ládiípọ̀, jẹ́rìí: "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló lọlẹ̀, Kábíyèsí. Orí ẹní mi ni."

Bonaventure, aládùúgbò wọn, fò dìde. "Irọ́ ni! Ó dún gbìì! Àwa mẹ́fà la tì í."

"Ìwọ náà tì í?" Ọba bi í.

"Rárá o! Mo kàn gbé ọwọ́ lé e ni. Ó rẹ̀ mí."

Ọba fọwọ́ pa orúnkún tirẹ̀, ó ní:

"Ládiípọ̀ jàre. Ọmọdé ló ń dọ̀bálẹ̀ fágbà. Àmọ́ àgbà tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún, tí kò súre, tí kò ní kọ́mọ dìde, ó jẹ̀bi. Lọ súre fún mọ́tò náà. Bí kò bá dìde, kí Súbérù àti Bonaventure gbé e. Láti òní lọ, Súbérù ni yóò máa wọ abẹ́ ẹ̀. Ìwọ yóò jókòó sórí àga, wàá máa fọ̀pá júwe fún un. Sípánà rẹ nìyí."

Súbérù ká ọwọ́ lérí. Inú Ládiípọ̀ dùn débi tó gbàgbé ara ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti dúpẹ́.

"Ó tó, dìde," ọba ní.

Kò lè dìde. Ọba fẹ́ lọ fà á sókè. Òun náà kò lè kúrò lórí àga.

"Súbérù," ó ní, "kó o tó lọ gbé ọmọdé nílẹ̀, wá gbé àwa àgbà."