Ọmọ Tí Wọ́n Kéde Òkú Rẹ̀ Kí Ó Tó Dáhùn Ìbéèrè

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ìròyìn kò tó àfojúbà"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lójú yín. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, ẹ ò bèèrè ìdí rẹ̀ rí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó gbé tẹlifíṣọ̀n dé ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ìtàn jù mí lọ, kó dìde kó wá jókòó síbi tí mo wà yìí. Kò sí? Ó dáa. Ẹ fara balẹ̀ nígbà náà.

Obìnrin aláró kan wà ní ìlú Òkè-Ẹlú, Efúnyẹmí ni wọ́n ń pè é. Àdìrẹ ló ń rẹ, aró sì ti pa ọwọ́ rẹ̀ láró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Efúnyẹmí kò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Tanímọ̀lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Bí ọmọ náà bá sín, á ní òtútù ti mú un. Bí kò bá sì sín, á ní kí ló dé tí kò sín láti àárọ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Tanímọ̀lá nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ mú un lọ sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn díje nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi wọ́n. Ọmọ tó bá borí, ìjọba á rán an lọ sí ilé-ìwé girama títí yóò fi jáde. Ọmọ tí kò bá borí, kó padà sílé bàbá rẹ̀. Ṣóbọ̀wálé, bàbá Tanímọ̀lá, onígbàjámọ̀ ni, apá rẹ̀ kò sì ká ilé-ìwé girama. Ó ti pọ́n abẹ kékeré kan sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Efúnyẹmí bá rí abẹ náà ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́, nítorí ó mọ̀ pé orí ìwé ni ọmọ òun wà, kì í ṣe orí tí wọ́n ń fá.

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò, ilé Alàgbà Kúyorò tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè ló sì wà. Ògiri kan péré ló pààlà ilé náà àti àgbàlá tí Efúnyẹmí ti ń rẹ aró. Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí kò fi lọ wo ọmọ rẹ̀? Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé aṣọ oníbàárà wà nínú ìkòkò. Òótọ́ sì ni, nítorí a kì í ri àdìrẹ sínú aró ká lọ sùn. À ń rì í, à ń fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, à ń tún un rì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà á. Kò lè dúró kó máa wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìbéèrè bá ta kókó sí i lọ́rùn.

Ó ní, "Bàbá Tanímọ̀lá, ẹ bá mi lọ wò ó, kí ẹ máa wá ròyìn fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ọmọ mi níbẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọmọ wa ni."

"Kí ló dé?"

"Ayé le, Bàbá Tanímọ̀lá. Ẹni tí kò fẹ́ ire fún wa lè wà nínú èrò. Bó bá borí tán, ká wá máa pariwo."

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín ló jẹ́ kí aládùúgbò mọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ṣe ìdánwò?

Nígbà tí Ṣóbọ̀wálé fi máa débẹ̀, pálọ̀ ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ̀yìn fèrèsé ni ó ráyè dúró sí. Ẹni kúkúrú sì ni, àwọn géńdé ló wà níwájú rẹ̀, àjà ilé nìkan ni ojú rẹ̀ tó. Bàbá kan ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà nínú ilé. Àna Alàgbà Kúyorò ni, láti Ṣakí ló ti wá kí ọmọ rẹ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ẹlú, kò sì wo tẹlifíṣọ̀n rí láyé rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti tan àpótí náà, kò tíì yíjú.

Nǹkan kan wà tí Ṣóbọ̀wálé kò mọ̀, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin mọ̀. Kí ó tó dé ni wọ́n ti kéde pé ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé ti yẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìròyìn. Ìjàkadì ni wọ́n fi dípò rẹ̀.

Ṣóbọ̀wálé rọra sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, bàbá. Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Èwo? Èyí tó kéré yẹn?"

Inú Ṣóbọ̀wálé dùn, nítorí pé Tanímọ̀lá kò sanra. "Òun náà ni, bàbá."

"Háà! Wọ́n ti gbé e ṣánlẹ̀."

"Ṣé ó dìde?"

"Ó dìde. Wọ́n tún ti gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi kò ó lójú ti lágbára jù fún un."

Ṣóbọ̀wálé sáré padà sí àgbàlá. Nígbà tí Efúnyẹmí gbọ́, ó fi ọwọ́ aró gbá àyà. "Ìbéèrè méjì ti lọ nìyẹn! Ẹ padà lọ. Ẹ wò ó bóyá aṣọ tí mo lọ̀ fún un ṣì gún régé lára rẹ̀. Bí aṣọ bá gún régé, ọkàn ọmọ á balẹ̀."

Ṣóbọ̀wálé padà lọ bèèrè. Bàbá Ṣakí ní, "Aṣọ wo? Pátá nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Pátá pupa."

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ìyá tó po táàṣì, tó lọ aṣọ ọmọ rẹ̀ títí tó fi le gbagidi, kí wọ́n wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún un. "Ta ló bọ́ṣọ lára ọmọ mi? Tanímọ̀lá ò tiẹ̀ ní pátá pupa!"

Ṣóbọ̀wálé ronú díẹ̀. "Wọ́n ní láti yá a ni. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn nìyẹn, pé ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè, kó bọ́ṣọ."

Efúnyẹmí ri aṣọ oníbàárà sínú aró, ó gbàgbé láti fà á yọ.

Nígbà tí Ṣóbọ̀wálé fi máa padà dé ojú fèrèsé, ìjàkadì ti parí, ètò oúnjẹ sísè ló kàn tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rù ti ń ba òun náà, kò bèèrè ọmọ mọ́. Ó ní, "Bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe fún un báyìí?"

"Wọ́n ń fi ata pa á lára."

"Ata?"

"Ata àti iyọ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ là á lára kí ata náà lè wọlé dáadáa."

"Ta ló ń ṣe irú ìyẹn?"

"Obìnrin kan báyìí ni. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin yẹn mọwọ́ o!"

Ojú ọ̀nà ni Ṣóbọ̀wálé ti pinnu pé òun kò ní sọ ti ọ̀bẹ. Ti ata nìkan ló sọ, ìyẹn náà sì tó. Efúnyẹmí rántí ọjọ́ tí òun jí ẹran nínú ọbẹ̀ nígbà èwe, tí ìyá òun fi ata pa òun lára. "Èmi jalè," ó ń sunkún, "ṣùgbọ́n kí ni Tanímọ̀lá jí? Àìmọ ìbéèrè ti di olè jíjà? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi í sílẹ̀!"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Inú àpótí ni wọ́n wà."

"Ẹ ṣáà lọ wò ó bóyá wọ́n ti fi í sílẹ̀."

Ó dé ibẹ̀, eré orí ìtàgé ti bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ṣé wọ́n ti fi í sílẹ̀?"

"Wọ́n fi í sílẹ̀ kẹ̀! Ọlọ́pàá ti mú un. Ó gbé ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ sá lọ."

Orí Ṣóbọ̀wálé wú. Ọ̀gá wo ni Tanímọ̀lá ní bí kì í bá ṣe olùkọ́ tó mú un lọ sí Ìbàdàn? Bàbá Ṣakí wá fi kún un pé, "Obìnrin náà ti lóyún pàápàá."

Efúnyẹmí kò fẹ́ gbà. "Tanímọ̀lá tí kì í wojú obìnrin? Àná ló kúrò nílé! Ìgbà wo ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìbàdàn ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn, "wọn kì í fàkókò ṣòfò níbẹ̀."

Ó tún padà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ìkéde òkú ló bá wọn. Wọ́n ti gbé fọ́tò bàbá arúgbó kan jáde, àbẹ́là ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣóbọ̀wálé kò rí fọ́tò, kò rí àbẹ́là. Ohùn Bàbá Ṣakí nìkan ló gbọ́.

"Ó mà ṣe o. Ó ti kú."

"Ta ló kú?"

"Ẹni tí wọ́n ń fi hàn yìí náà. Wọ́n ní àìsàn ránpẹ́ ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn ó sin ín. Ìyàwó mẹ́ta ló fi sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́tàdínlógún."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, kì í ṣe ọmọ yín ni. Ẹni tí wọ́n bá túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún kì í dúró ka ìyàwó.

Ṣóbọ̀wálé sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò yọ ohunkóhun sílẹ̀. Efúnyẹmí kò kọ́kọ́ pariwo. Ó wo ìkòkò aró, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo fi í sílẹ̀," ó ní. "Wọ́n gbé ọmọ mi ṣánlẹ̀, n ò lọ. Wọ́n fi ata pa á, n ò lọ. Mo jókòó ti aṣọ olóṣọ, torí pé mo ń ṣojo." Ìgbà yẹn ló tó ké. Igbe náà ló gbé Ìyá Rábì, aláró ẹgbẹ́ rẹ̀, jáde, ti Ìyá Rábì ló sì gbé gbogbo àdúgbò. Ẹnìkan gun kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí abúlé láti lọ túfọ̀ fún ìyá Efúnyẹmí.

Ìyá Rábì dì í mú. "Mú ọkàn le, ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó fi ọmọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ kò kú dànù."

Efúnyẹmí dìde. Ó ní àfi kí òun rí ojú ọmọ òun nínú àpótí yẹn kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ó gba ẹnu ọ̀nà Alàgbà Kúyorò wọlé, àwọn tó ń bá a sunkún tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ fún àwọn ará pálọ̀ pé Tanímọ̀lá ọmọ onígbàjámọ̀ ti kú sí Ìbàdàn. Ni pálọ̀ náà bá bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìròyìn tí wọ́n ń kà lọ́wọ́ títí tó fi parí.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje bẹ̀rẹ̀, tí ojú Tanímọ̀lá yọ nínú àpótí. Aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ó le gbagidi.

"Àkúdàáyà!" ni Ìyá Rábì fi bọnu.

Ẹ ò ní rí irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́! Àwọn kan gba ẹnu ọ̀nà, àwọn kan gba ojú fèrèsé. Alàgbà Kúyorò tó ni ilé ló kọ́kọ́ dé ìta. Géńdé méjì já lé Ṣóbọ̀wálé lórí lẹ́yìn fèrèsé tó tún padà lọ dúró sí. Bàbá Ṣakí nìkan ló kù lórí àga, nítorí pé òun kò mọ Tanímọ̀lá rí, àìmọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà á.

"Ẹ jókòó, ìyá," ó sọ fún Efúnyẹmí. "Eléyìí ò dùn tó ti ìṣáájú o. Ìbéèrè lásán ni wọ́n ń bèèrè."

Efúnyẹmí kò lè jókòó. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè, ìbẹ̀rù mìíràn sì ti dé. Tanímọ̀lá àti ọmọbìnrin kan ni wọ́n jọ ń lé ara wọn bọ̀, títí wọ́n fi dọ́gba, tó wá ku ìbéèrè kan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bèèrè ní, "Odò méjì wo ló pàdé ní Lọ́kọ́ja?" Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n yíjú sí Tanímọ̀lá. Tanímọ̀lá họ orí, ó wo àjà. Efúnyẹmí rántí abẹ kékeré yẹn. Ó yí ẹsẹ̀ padà láti sá jáde, ó tún fipá dá ara rẹ̀ dúró. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun yóò kú, kí òun kú síbí, kí òun máa wo ojú ọmọ òun.

Tanímọ̀lá la ẹnu. "Odò Ọya àti odò Bẹ́núè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́. Efúnyẹmí kúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú, aró sì yí gbogbo dígí náà.

Ṣóbọ̀wálé ké láti ìta, láti abẹ́ àwọn géńdé, "Ìyá Tanímọ̀lá! Kí ni wọ́n tún ń ṣe fún un?"

"N ò ní sọ!" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wọlé wá fojú ara yín wò ó!"

Lọ́jọ́ kejì, Tanímọ̀lá dé. Ìyá Efúnyẹmí ti ti abúlé dé ṣáájú rẹ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ títí ọmọ náà fi dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án lójú, ó fọwọ́ kàn án létí, ó sunkún, ó jó, ó súre títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó ń wo ẹ̀yìn ọmọ náà sí ojú ọ̀nà.

"Tanímọ̀lá, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ wo, Ìyá Àgbà?"

"Àwọn mẹ́tàdínlógún."

Efúnyẹmí gbé ọwọ́ lérí. "Ìyá mi, kò sí ọmọ kankan! Ẹ jọ̀ọ́, ìròyìn kò tó àfojúbà."

Ìyá Àgbà mi orí, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun gbọ́n. "Òótọ́ lo sọ, ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó kó wọn jáde, kí n fojú ara mi rí wọn."