Alákòóso Owó Nínú Ilé Onílé

Ẹni tó bá ní òun ò mọ Alákòóso, àfi kó jẹ́ pé àná ló balẹ̀ sílùú òkèèrè tí Alákòóso ń gbé. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ikùn á kọ́kọ́ yọ, ẹ̀rín á tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá dé gbẹ̀yìn bí ọba tí kò nílùú. Alákòóso Owó Gbogbo Ọmọ Ilé Tó Wà Lẹ́yìn Odi: orúkọ tó fún ara rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ti gbé owó fún un tọ́jú rí ń pè é ní Alákòósápò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Áyọ́ọ̀nù ló fi ń lọ aṣọ ibùsùn nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Iṣẹ́ gidi ni, owó oṣù kì í sì í yẹ̀. Ó ní yàrá kan tó mọ́ tónítóní lókè ilé àwọn oníbúrẹ́dì, tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná máa ń jí i láràárọ̀. Ẹlòmíì á dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ nílé: "Bàbá, àwọn òtòkùlú ni mò ń bá tọ́jú aṣọ. Bí mi ò bá fọwọ́ kàn án, wọn ò lè sùn!"

Kò kúkú parọ́. Bí kò bá lọ aṣọ ibùsùn, orí kí ni wọ́n máa sùn lé?

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ ni pé ó tún fi irọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin kún un. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ti ń retí físà tipẹ́. Ó ti ń kọ́ èdè ìlú òkèèrè náà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó wá di pé òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n fẹ́ wá wo ilé tí ìyàwó máa wá bá ọkọ gbé, inú àwọn àna dùn. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wo ilé ọ̀hún lórí fóònù.

Alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tó máa fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí irọ́ ti ń wá ibi jókòó ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ló ni ilé tó ní pálọ̀ tó fẹ̀. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀, omi ń jò lábẹ́ síǹkì, ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ sì ń pe Àǹtí náà ní ọsibítù.

"Àbúrò, bá mi jókòó de ẹni tó fẹ́ tún páìpù ṣe. Má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

"Àǹtí, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà níbẹ̀."

Bí Àǹtí ti yíjú báyìí, Alákòóso fi àdírẹ́sì ibẹ̀ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ náà, ó yọ fọ́tò ìgbéyàwó wọn lára ògiri, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé tirẹ̀ kọ́. Ó gbé ẹ̀wù ìgbafẹ́ ọkọ Àǹtí wọ̀ lé aṣọ ọrùn rẹ̀, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ gírígírí. Nígbà tí ẹni tó ń tún páìpù ṣe kanlẹ̀kùn, ó lé e dànù: "A ò ra nǹkan kan!"

Kò tíì tán o. Ó ránṣẹ́ pe Onídìrí, tó fẹ́ mú ọkọ rẹ̀ wá láti ilé, àti Bíríkìlà, tó ń fún un lówó tọ́jú lóṣooṣù. Ó ní kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba lálejò. Ó sì gba owó ìjókòó lọ́wọ́ wọn.

"Ilé Àǹtí kọ́ nìyí?" Onídìrí bi í.

"Ohun tó bá jẹ́ ti ẹbí, ti ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n," Bíríkìlà ní, "bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a o."

"Ogún ọdún! Ìwọ náà wo bí ìgbádùn tó wà nínú ogún ọdún ṣe pọ̀ tó!"

Òṣìṣẹ́ náà dé. Obìnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín. Alákòóso ti gbé fóònù ti ìkòkò òdòdó. Ojú ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá, ìyá àti mọ̀lẹ́bí kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú.

"Ilé yín nìyí?"

"Ilé mi. Àgọ́ mi. Ààfin mi."

"Ó ní ilé òun ni," ìyàwó túmọ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá tún fìlà dé.

"Owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i ní báǹkì yín yìí, ta ló ni ín?"

"Òógùn ojú mi ni! Eépìnnì ẹlòmíì ò sí níbẹ̀."

Ni Bíríkìlà bá húkọ́. Ikọ́ náà le.

"Ẹ má dá a lóhùn," Alákòóso sọ kíákíá. "Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni, ikọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀."

Òṣìṣẹ́ náà gbójú sókè wo ògiri. Ojú ibi tí fọ́tò àkọ́kọ́ wà funfun báláú, ó sì tóbi ju fọ́tò Alákòóso lọ yí ká.

"Fọ́tò tó wà níbí tẹ́lẹ̀ tóbi ju èyí lọ."

"Èmi náà sanra jù báyìí lọ nígbà yẹn."

Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé kan. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó fún òun lómi mu.

Alákòóso wọ kíṣíìnì. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ìkòkò. Ó ṣí òmíì, ọṣẹ. Ó ṣí ẹ̀kẹta, wíìgì Àǹtí ń wò ó. Nígbà tó jáde, kẹ́tù tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ló gbé dání, ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ẹyẹ àkọ̀.

"Ẹ má bínú. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló mọ ibi tí ife wà."

Ni kọ́kọ́rọ́ bá dún lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tó ń tún páìpù ṣe ló pè é, pé ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ìgbafẹ́ lé òun.

Ẹnu ti yá ju orí lọ. "Ẹ wò ó," Alákòóso kígbe, "ọmọ ọ̀dọ̀ náà ló dé yìí! Bá ọ̀gá bu omi wá."

Àǹtí gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀?"

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì!" ìyàwó pè láti inú fóònù. "Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyàwó wa," Àǹtí fi èdè ìlú òkèèrè dáhùn kí òṣìṣẹ́ náà lè gbọ́. "Ilé mi ni mo wà, ilé èmi àti ọkọ mi. Òkè ilé àwọn oníbúrẹ́dì lọkọ tìẹ ń gbé."

"Kí ni wọ́n ń wí?" bàbá rẹ̀ bi í.

Ìyàwó ò túmọ̀ mọ́.

Àǹtí kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Bọ́ ẹ̀wù ọkọ mi."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ ní yàrá."

"Yàrá ta?"

Ó bọ́ ọ. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wà láyà rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n sì kọ "Aṣọ Lílọ̀" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kà á.

"Ibí lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Yàrá òkè oníbúrẹ́dì yẹn, ṣé ẹni méjì lè gbé e?"

"Ó gbà wọ́n dáadáa, mà."

Obìnrin náà pa báàgì rẹ̀ dé. "Iṣẹ́ yẹn tó. Yàrá yẹn náà tó. Ohun tí mo wá wò ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ ti pa fún mi yìí, mi ò lè fọwọ́ sí físà lórí ẹ̀."

Èébú ì bá sàn. Alákòóso wo ojú ìyàwó rẹ̀ nínú fóònù. Ó rántí yàrá rẹ̀ tó mọ́, àti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Onídìrí ló dìde. "Ọ̀gá, yàrá kan lèmi ní. Irun ni mò ń dì. Mo fẹ́ mú ọkọ mi wá."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ lọ sísàlẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n onídìrí, ẹ jọ̀ọ́," ìyàwó ké láti inú fóònù, "ẹ gbé mi dání! Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá aránṣọ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ gba físà."

Onídìrí gbé fóònù mọ́ àyà. Ìyàwó, bàbá, ìyá, mọ̀lẹ́bí, gbogbo wọn bá àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀.

"Fóònù mi o!"

"Ó ń bọ̀," ìyàwó dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ gidi pẹ̀lú ẹ̀."

Àǹtí nawọ́ sí ibi tí fọ́tò rẹ̀ ti kúrò lára ògiri. Alákòóso wọ yàrá, ó rákò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa fọ́tò ìgbéyàwó náà jáde, ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e kọ́.

Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, Bíríkìlà ló rí, ó dúró dí ẹnu ọ̀nà bí ògiri tó fúnra rẹ̀ mọ. Kò húkọ́ mọ́.

"Báǹkì ò tíì tì," ó ní. "Ẹ máa lọ níwájú, ẹ̀gbọ́n, kí n lè máa rí yín."