Ẹ̀rọ Ìbẹ́rí fún Sísítà Méjìlá

Ọdún tí sójà ń fi kòbókò kọ́ wa ní ìlà títò ni ẹgbẹ́ opera, àwọn tó ń fi orin òyìnbó ṣeré orí ìtàgé, wọ Festac. Ẹ̀rọ ìbẹ́rí tí wọ́n fẹ́ lò nínú eré já bọ́ látorí lọ́rì, ó fọ́, ló bá di pé Clement, ọ̀gá ìtàgé wọn, bẹ Bádrù, káfíńtà onírùngbọ̀n funfun ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kó kan òmíràn. Ọ̀la leré. Clement dé, ó wo iṣẹ́ tí Bádrù fi àpò bo òkè rẹ̀ nítorí òjò, ó yínmú.

CLEMENT: "Bàbá Káfíńtà! Ẹ̀rọ ìbẹ́rí ni mo ní kẹ́ ẹ kàn, ẹ kan férémù fèrèsé!"

BÁDRÙ: "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àga làwọn oníbàárà mi tó kù ń béèrè, wọn kì í béèrè orí ènìyàn. Kí làwọn obìnrin méjìlá tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ lórí nínú eré yìí tiẹ̀ ṣe?"

CLEMENT: "Sísítà ìjọ Àgùdà ni wọ́n, nílùú òyìnbó. Ìjọba tuntun ní kí wọ́n sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n kọ̀. Ni wọ́n bá tò, wọ́n ń kọrin lọ síbi abẹ lọ́kọ̀ọ̀kan."

BÁDRÙ: "Wọ́n tò? Láìsí kòbókò? Níbí, nítorí mílíìkì agolo kan, sójà márùn-ún ló ń nà wá ká tó tò! Kí ló dé tí wọn ò fẹnu lásán sẹ́ ẹ, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n máa gbàdúrà wọn lọ?"

CLEMENT (ó yọ àyà): "Ẹ ò lè mọ̀. Ẹni tó bá gba nǹkan gbọ́ kì í sẹ́ ẹ. Opera ni ìgbàgbọ́ tèmi. Ẹ gbé idà lé mi lọ́rùn, mi ò ní sẹ́ ẹ."

BÁDRÙ: "Akọni! Ṣé orin tí wọ́n ń dán wò láàárọ̀ yẹn ni? Mo ṣebí ẹnìkan ń jóná ni. Mo ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi."

CLEMENT: "Pákó yín yìí ni ò dáa! Ọrùn adìẹ ò lè há síbẹ̀. Màá gbé iṣẹ́ mi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà Abúlé Adó."

Ó dun Bádrù wọra. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, ó sì ti wí fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ òun ń lọ sórí ìtàgé.

BÁDRÙ: "Ẹni tó ń ra àga a máa jókòó lé e wò kó tó bú káfíńtà. Ẹ fọrùn wò ó."

Clement rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó kúnlẹ̀, ó na ọrùn. Gbàgà! Bádrù ti pákó mọ́ ọn, ó fi àgádágodo sí i.

CLEMENT: "Ó ti há. Ẹ ṣí i."

BÁDRÙ: "Ọrùn adìẹ ńkọ́?"

CLEMENT: "Iṣẹ́ yín dáa! Ẹ ṣí i jàre!"

BÁDRÙ: "Èmi nìjọba tuntun. Ẹ sọ pé ariwo lásán ni opera."

CLEMENT: "Láéláé! ... Bàbá, kí lẹ dì mú lókè yẹn?"

BÁDRÙ: "Okùn ni. Òun la fi ń já abẹ sílẹ̀."

CLEMENT: "Ariwo ni! Ariwo burúkú ni! Látọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀! Fújì gan-an ni mo fẹ́ràn!"

Bádrù ṣí i. Clement bọ́ síta, ó ń fọwọ́ pa ọrùn wò bóyá ó ṣì pé.

BÁDRÙ (ó ká àpò kúrò lókè ẹ̀rọ): "Obìnrin méjìlá, kò sẹ́ni tó sẹ́. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́, ọ̀gá. Mi ò tíì fi abẹ sí i."