Pẹ́pẹ́yẹ Tó Fẹ́ Wọkọ̀ Lọ

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá fi géèmù kan sórí fóònù rẹ̀ kí ara lè tù ú: erékùṣù kékeré tí èèyàn ń dáko sí, tí àwọn ẹranko ń wá gbé níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó wé aṣọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó lanu sílẹ̀.

"Bàbá, ó tún ti lọ sókè sí i!"

"Ewúrẹ́ yẹn ni." Bàbá ò gbójú kúrò lára fóònù. "Ọ̀lẹ paraku."

"Ewúrẹ́ inú géèmù?"

"Láàárọ̀ kùtù, gìtá ló ń ta létí òkun! Mo ní kó lọ roko àgbàdo. Ó bínú, ó wọkọ̀ lọ. Ọ̀nà rè é!"

"Ehoro ńkọ́?"

"Apẹ́lẹ́yìn ni. Mo lé e."

"Ológbò tó ń gbin òdòdó?"

"Ó rìn lórí koríko."

Ọmọ já fóònù gbà. Ilé ìwé kan ló dúró gbagidi láàárín erékùṣù. Kò sí ilé mìíràn. Wọ́n ti sọgbà yí etí òkun ká pátápátá.

"Bàbá, níbo làwọn ẹranko yìí ń sùn?"

"Ta ló ní kí wọ́n wá sùn?"

"Ìsinmi ni géèmù yìí wà fún!"

"Ìsinmi tí kò bá létò, ìranù ni."

Ní èbúté, pẹ́pẹ́yẹ kan dúró ti àpótí rẹ̀, ó ń sunkún. Ọkọ̀ ojú omi ti ń fun fèrè.

"Ṣé òun ló kù?"

"Òun nìkan." Ohùn Bàbá rọlẹ̀ lójijì. "Bó bá lọ, géèmù parí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe ọ̀gá, ọmọ kan ò sá kúrò nílé ìwé mi rí."

"Ògiri yín ló ga, Bàbá."

Bàbá ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. "Kí ni mo lè ṣe kó má lọ?"

"Ẹ tẹ àwòrán ọkàn yẹn, kẹ́ ẹ fi yìn ín."

"Kí n yìn ín? Nínú gbogbo ebè tí mo ní kó bomi rin, ó fo ọ̀kan!"

"Mo gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ìṣirò, ẹ ní kí n lọ wá méjì tó kù wálé kí n tó jẹun."

"Ìyẹn ló sọ ẹ́ di nọ́ọ̀sì."

"Bàbá, ọkọ̀ ń ṣí o!"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó na ìka bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹyin iná, ó tẹ ọkàn náà. "O gbìyànjú, pẹ́pẹ́yẹ," ló ń kùn.

Pẹ́pẹ́yẹ ju àpótí nù, ijó dé. Ọkọ̀ lọ lófìfo. Bàbá fi etí agbádá nu ojú, ó ní eruku ni.

"Háà! Pẹ́pẹ́yẹ gbayì lọ́wọ́ bàbá mi! Ó ti kàn mí. Ẹ tẹ èmi náà."

Bàbá wò ó lọ, wò ó bọ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ léjìká. "O gbìyànjú, ọmọ mi."

Ẹ̀rín kún ojú ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá."

"Ṣùgbọ́n aṣọ tó o wé mọ́ mi lápá yìí, òdì lo dojú ẹ̀ kọ. Tú u, kó o tún un wé."

Ọmọ gbé ẹnu sún mọ́ fóònù. "Pẹ́pẹ́yẹ, sáré pe ọkọ̀ yẹn padà. Èmi àti ẹ la jọ ń lọ!"