Píkọ́ọ̀pù Fisílẹ̀fúnmi

Bí ẹnu bá lè tú bọ́ọ̀tì ni, Fisílẹ̀fúnmi kì bá tí ra sípánà láyé ẹ̀. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Àdúgbò ló fún un, torí kò sí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lójú ẹ̀ tí kò ní nawọ́ sókè: "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi!" Ó tún rédíò ilé wọn ṣe, láti ọjọ́ náà, ariwo òjò ni rédíò ń kà níròyìn. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé fún ọjọ́ méjì. Ìyàwó ẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń fi àdúrà jí, tó ń fi àdúrà sùn, ti gbà f'Ọ́lọ́run.

Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ìyá òun, tó ń dá gbé, wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọdún mẹ́ta ni Màmá fi kọ̀. "Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti tó mi," ló máa ń wí. "Mi ò fẹ́ fi ẹnu ọkọ ẹ kún un." Nígbà tó wá gbà, ó ní àdéhùn. Sátidé ló gbọ́dọ̀ jáde nínú yàrá tó háyà, torí ẹlòmíì ti ń kó bọ̀.

"Bí ẹrù mi ò bá tíì dé ilé yín kí oòrùn Sátidé tó wọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń lọ. O ò sì gbọdọ̀ bá mi sọ ọ́ mọ́."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká tètè wá ọkọ̀ háyà," ni ìyàwó wí.

"Ọkọ̀ háyà kẹ̀? Fi sílẹ̀ fún mi!"

Bó ṣe lọ ra píkọ́ọ̀pù nìyẹn. Ọkọ̀ ọ̀hún dàgbà ju ẹni tó rà á lọ. Ilẹ̀kùn kan pupa, ìkejì búlúù, ìpáàrà ló kun ìyókù. Tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn ọ̀tún, tòsì á ṣí láti wo ẹni tó dé. Kí bàbá yìí tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá, ó kọ́kọ́ pe ọlọ́dà, ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ọkọ̀: IWÁJÚ LỌ̀PÁ Ẹ̀BÌTÌ Ń RÉ SÍ.

Mẹkáníìkì kan wà ní ìkòríta wọn. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó ń kọjá lọ, ó rí Fisílẹ̀fúnmi lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tú irin gbọọrọ oníkùn ńlá tó ń yí táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sàmì sí apá òkè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u o! Tẹ́ ẹ bá lọ dojú ẹ̀ bolẹ̀ . . ."

"Ìwọ ọmọdé yìí! Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀!"

"Gbígbọ́ kọ́ ni títún ṣe, ẹ̀gbọ́n."

"Fi sílẹ̀ fún mi!"

Mẹkáníìkì fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tó di Fúráìdeè, Fisílẹ̀fúnmi pe ará ilé, ó pe aládùúgbò, pé kí wọ́n wá wòran. Bọ́ọ̀tì mẹ́fà ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ láyé àtijọ́ lawọ́ jù. Ó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sín, ó dìde! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ju ọkọ̀ sí jíà kìíní kó lọ síwájú. Gbàgà! Ẹ̀yìn ló lọ, ó fọ́ ìkòkò omi. Ó jù ú sí ìkejì. Ẹ̀yìn náà ni, ó sì kó okùn tí wọ́n sáṣọ sí dání. Jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yẹ kó gbé e síwájú, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn mọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yìn ló ń sún un síwájú, òun náà bí ìgbín tí ò fẹ́ débi tó ń lọ.

Mẹkáníìkì fara ti ọgbà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dojú irin yẹn bolẹ̀. Wákàtí mẹ́ta péré, màá bá yín yí i padà."

Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọ̀la ni Sátidé o."

"Ta ló ní ó bàjẹ́? Bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n láyé àtijọ́ nìyẹn! Àgbà kì í sáré lọ síwájú."

Ó di Sátidé. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń fi jíà ìgbín rá lọ sílé Màmá, ọ̀sán ni wọ́n dé. Wọ́n di bẹ́ẹ̀dì Màmá, àpótí mẹ́ta àti àga onítìmùtìmù kan sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó jókòó láàárín, ọkọ lápá kan, ìyá lápá kejì. Jíà ìgbín náà ni wọ́n fi gbéra padà. Bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá bá wọn lọ́nà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o," ó sì kọjá wọn. Ó lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó bẹjú wo inú ọkọ̀.

"Háà! Ẹ ṣì wà níbí?"

Màmá wo ojú ọ̀run. "Ọkọ ọmọ mi, oòrùn ń rìn, àwa la dúró. Jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀, kí n máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí."

Ìyàwó di aṣọ ìyá ẹ̀ mú. Ọdún mẹ́ta àdúrà ló ń fẹ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn búlúù jáde yìí!

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi!" Fisílẹ̀fúnmi yí ọkọ̀ po, ó kọ ìdí ẹ̀ sọ́nà ilé, ó yí ọrùn sẹ́yìn bí òwìwí, ó jù ú sí jíà kẹta. Ọkọ̀ fò!

Adìẹ fò, ológùrọ̀ fò. Ìyàwó di ojú, ó ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò tíì gbà. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ò mọ èyí tí wọn ì bá kí: àwọn kan ní "Ẹ kú àbọ̀ o!", àwọn kan ní "Ó dàbọ̀ o!" Ní ìkòríta, mẹkáníìkì ṣí fìlà, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ bó ṣe ń jìnnà sí i, títí tó fi jókòó sórí táyà, tó ń fọwọ́ di ìhà.

"Ọmọ mi," Màmá rọra béèrè, "ṣé ilé yín là ń lọ? Kí ló dé tó jẹ́ ilé mi ni mò ń wò?"

Bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ wọ ẹnu géètì, àpótí tẹ̀ lé e, èèyàn ló gbẹ̀yìn. Oòrùn ṣì kù díẹ̀ lára ògiri.

Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ó wo oòrùn, ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ ẹ̀.

"Mo dúró," ni Màmá wí. "Ọ̀nà tí mo gbà wá yìí, mi ò lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì láyé."

Ìyàwó dì mọ́ ìyá ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fisílẹ̀fúnmi náà sọ̀ kalẹ̀, ó wú bí búrẹ́dì inú omi. Ṣùgbọ́n ọrùn tó yí sẹ́yìn kọ̀, kò padà mọ́. Ògiri ló kọjú sí tó ń bá àna ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ rí i? Mo ṣáà ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi!"

"O ṣeun, ọkọ ọmọ mi," ni Màmá dáhùn. "Ṣùgbọ́n pe ọlọ́dà yẹn padà, kó wá gbé ọ̀rọ̀ iwájú yẹn lọ sí ìdí ọkọ̀. Ìdí ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé."