Ọ̀rẹ́ Àwọn Ará Sobsitéṣọ̀n

Àbùkù Bọ̀dá Mubashir kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ibi tí kò ti ní ènìyàn. Bí ẹ bá dárúkọ ilé ìwòsàn, ó ní dókítà àgbà ibẹ̀ ti jẹun nílé òun rí. Mùsùlùmí pọ́ńbélé tó jẹ́ yìí, ó ní ẹnì kan ń tọ́jú àga ìwájú fún òun ní Káńpù àwọn onígbàgbọ́!

Ṣùgbọ́n èyí tó fi ń yangàn jù ni sobsitéṣọ̀n etí màrosẹ̀ ní Ìbàfò, ọgbà onírin tí àwọn tiransifọ́mà ńláńlá ti ń kùn tọ̀sán tòru. Láràárọ̀, bó bá ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń ta ilẹ̀kùn onírin, á juwọ́ sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ náà á sì juwọ́ padà. Ó tó, wọ́n ti dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń fún àdúgbò wa ní iná. Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Bọ̀dá Mubashir á jáde síta, á gbé fóònù sétí, á ní kí wọ́n bá òun tàn án. Iná á dé, àwọn ọmọdé á hó, òun á sì mirí bí ẹni tí oore ṣíṣe ti sú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, agogo méjì lù, iná kò dé. Hanifah, tó ń ta ẹja inú yìnyín, ló kọ́kọ́ dààmú. Fírísà mẹ́ta ló ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kún. Ó fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn. Bọ̀dá Mubashir dá a dúró.

“Hanifah, kí lo fẹ́ sọ fún wọn tí n kò tíì sọ? Lọ jókòó. Kò ní kọjá ọ̀la.”

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò lọ. Ọ̀la dé, kò sí iná. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, yìnyín ti domi, ẹja sì ti ń rọ̀. Hanifah wọ hijáàbù rẹ̀, ó ní kí Bọ̀dá Mubashir mú òun lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá Mubashir ní ibà ń ṣe òun. Hanifah ní òun yóò dúró títí ibà náà yóò fi lọ.

Mo tẹ̀ lé wọn. N kò ní purọ́, ojúmìító ló gbé mi lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí Bọ̀dá Mubashir, ó sì ké ìrora. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń juwọ́ sí i pé kó yé rìn súnmọ́ ọgbà, kó má baà kú.

Enjiníà tó gbà wá wọlé, Tolúwalọpẹ́ lórúkọ rẹ̀, béèrè òpópónà wa, ó sì wo àwòrán ńlá kan lára ògiri.

“Iná tó le gan-an ló ń wọ ibí, ọ̀gá. A máa ń dín agbára rẹ̀ kù, a sì máa ń pín in sí ìlà mẹ́rin. Tiyín kò sí níbẹ̀. Mòwé ni iná yín ti ń wá.”

Bọ̀dá Mubashir rọ̀ ọ́ pé kó tún un wò. Dípò ìyẹn, enjiníà náà pe àwọn ará Mòwé lórí fóònù. Mòwé ní kò sóhun tó ṣe ìlà wa. Ó jọ pé fíùsì tiransifọ́mà kékeré àdúgbò wa ló já, iṣẹ́ ìdajì wákàtí. Wọ́n béèrè ohun tó dé tí ẹnì kankan kò fi sọ fún wọn láti ọjọ́ Ajé.

A wo Bọ̀dá Mubashir. Bọ̀dá Mubashir wo àwòrán ara ògiri.

Tolúwalọpẹ́ mú bírò, ó béèrè orúkọ ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Bọ̀dá Mubashir ti ń tún ọ̀fun ṣe.

“Ẹ kọ Hanifah,” ni Hanifah wí.

Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ẹja náà yè. Ìwọ̀nba tó wà lókè ló ti rọ̀ ju ohun tí èèyàn lè tà lọ. Hanifah fi ata sè é, ó bu àwo ńlá kan ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Mubashir, ó ní kó pe gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sobsitéṣọ̀n kí wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Òun nìkan ló dá a jẹ tán.