Ìwé Ẹ̀rí Ikú fún Etí Méjì

Yàrá etí ní ilé ìwòsàn kékeré kan, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀. Mẹkáníìkì kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún ọkọ̀ ṣe jókòó sórí àga gíga, epo dúdú ní èékánná rẹ̀, sukudíráfà gígùn lápò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì etí dúró tì í. Nọ́ọ̀sì ń lọgun. Mẹkáníìkì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, ẹ káàsán o! Kí ni mo lè ṣe fún yín?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ìwé ni mo wá gbà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìwé kí ni?

MẸKÁNÍÌKÌ: Hẹn-ẹn?

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó sún mọ́ ọn) ÌWÉ KÍ NI?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ìwé ẹ̀rí ikú.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ikú kẹ̀! Ta ló kú?

MẸKÁNÍÌKÌ: Etí mi. Méjèèjì. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, òsì sì tẹ̀lé e. Ẹ bá mi kọ ọ́, kí ẹ lu òǹtẹ̀ lé e. Aago mẹ́rin ni àbúrò mi ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ kiri pé iṣẹ́ ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Kí wọ́n rí i nínú ìwé pé etí ló kú, ọ̀gá ò kú.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

MẸKÁNÍÌKÌ: Táyà oníbàárà kan ń tú afẹ́fẹ́, fííííí. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Èmi fẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà, mo ní, “Ẹ máa lọ, kò séwu.” Kò dé oríta.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu) Ó mà ṣe o. Kí ló dé tí ohùn yín ò jáde báyìí?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ohùn wo ni kò jáde? Nínú orí mi níbí, bí ẹni ń lu páànù ni! Tí mo bá jẹ bisikíìtì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi eyín mi.

NỌ́Ọ̀SÌ: Inú mi dùn láti gbọ́ ìyẹn! Àmì tó dáa ni.

MẸKÁNÍÌKÌ: Òkú lẹ ń yọ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má bínú. Báwo lẹ wá ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnì láti ìgbà tí etí ti kú?

(Mẹkáníìkì yọ sukudíráfà. Ó fi ẹnu irin náà ti ìdí fáànù orí tábìlì, ó fi èèkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, ó di ojú bí ẹni ń gbàdúrà.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Báyìí ni. Ẹ fún fáànù yín ní gírísì. Irin inú rẹ̀ ti ń jẹ ara wọn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbọ́ ìyẹn?

MẸKÁNÍÌKÌ: Kedere!

NỌ́Ọ̀SÌ: Òkú ló gbọ́ ọ?

(Mẹkáníìkì wo sukudíráfà. Ó wo nọ́ọ̀sì.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Egungun ló gbọ́ ọ. Etí ò sí níbẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Egungun kàn gbé e wọlé ni. Ẹ jókòó dáadáa.

(Ó mú irin kan tó la ẹnu bíi fọ́ọ̀kì, ó lù ú mọ́ orúnkún ara rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mẹkáníìkì.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Ó ń kọrin!

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó gbé e síwájú ihò etí) Nísinsìnyí ńkọ́?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ó ti dákẹ́. Ẹ tún un lù.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò tíì dákẹ́, bàbá.

(Mẹkáníìkì gba irin náà, ó fọwọ́ kàn án. Irin ṣì ń gbọ̀n.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Irin yín ò dáa. Ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, ó ń kú níwájú.

NỌ́Ọ̀SÌ: Irin dáa! Ibi tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún náà dáa. Ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé ló dí.

MẸKÁNÍÌKÌ: (ó dìde dúró) Ẹ́ńjìnì ò kú?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò kú.

MẸKÁNÍÌKÌ: Fíítà ló dí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Fíítà ló dí!

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ ò bá tètè sọ̀rọ̀ tó yéni. Kí ló dí i?

NỌ́Ọ̀SÌ: Oríṣiríṣi ni. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú tí ohùn ń lù; ó lè lu, omi sì lè dá sẹ́yìn rẹ̀. Egungun wẹẹrẹ mẹ́ta tún wà lẹ́yìn awọ yẹn tí wọ́n ń ti ohùn síra wọn. Àwọn náà lè gan.

MẸKÁNÍÌKÌ: Mẹ́ta! Ṣé a lè rí tòkúnbọ̀ wọn rà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná. (Ó tan iná sínú etí ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó tún padà sí ọ̀tún, bí ẹni tí ojú rẹ̀ ń tàn jẹ.) Bàbá, kí lẹ fi ń nu etí?

MẸKÁNÍÌKÌ: Sípóòkù kẹ̀kẹ́. Màá we àkísà mọ́ ọn, màá máa tì í títí yóò fi kọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Mi ò fi iṣẹ́ mi ṣeré.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀ẹ̀! Ìdọ̀tí tó yẹ kó máa jáde fúnra rẹ̀ lẹ ń tì wọlé. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń kì í bí ẹni ń ki ìbọn!

MẸKÁNÍÌKÌ: Kò burú. Ẹ bá mi yọ ọ́ kíá. Àbí kí n sáré lọ gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ táyà wá? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fùú, gbogbo rẹ̀ á ti ẹ̀gbẹ́ kejì jáde.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ dákun! Ìgbà yẹn ni màá wá kọ ìwé ikú. Ṣé ọyún ti jáde níbẹ̀ rí? Ṣé ó ń dùn yín?

MẸKÁNÍÌKÌ: Rárá o. Àbúrò mi nìkan ló ń dùn mí.

(Nọ́ọ̀sì kán oògùn sí i létí kí ìdọ̀tí lè rọ̀. Mẹkáníìkì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ogún ìṣẹ́jú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago ògiri. Nígbà tó tó, nọ́ọ̀sì fa omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́, ó rọra ń ta á sínú ihò etí. Nǹkan kan jábọ́ sínú abọ́: pọ̀ọ̀. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Pọ̀ọ̀.)

NỌ́Ọ̀SÌ: BÀBÁ, ṢÉ Ẹ Ń GBỌ́ MI?

MẸKÁNÍÌKÌ: (ó fò sókè) Ẹ rọra, nọ́ọ̀sì! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? (Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.) Ohùn ta nìyí? Ohùn mi ló lọ sílẹ̀ báyìí?

(Ó ti yọ fóònù.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Àbúrò, padà sílé. Mo ní padà! Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi lónìí, kò kúrò lọ́la. Má pariwo mọ́ mi, mò ń gbọ́ ọ!

(Iná lọ. Fáànù dúró. Lẹ́yìn ògiri, ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn. Ojú mẹkáníìkì yí padà.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Olúwa mi! Sálénsà yẹn ti ya. Pulọ́ọ̀gì ń tàsé. Gbogbo bóòtù rẹ̀ ti tú, wọ́n ń jó nínú ihò! Òpònú wo ló tún ẹ̀rọ yìí ṣe fún yín? Irú wọn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ẹ júwe ilé rẹ̀ fún mi, kí n lọ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀yin ni, bàbá.

MẸKÁNÍÌKÌ: Èmi kẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Oṣù tó kọjá. Ẹ ní ẹ ti pa ariwo rẹ̀ pátápátá, pé ẹ̀yin ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan.

(Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń ké lọ. Mẹkáníìkì yọjú wo inú abọ́ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.)

MẸKÁNÍÌKÌ: Nọ́ọ̀sì… ìdọ̀tí yẹn, ẹ ò tíì dà á nù, àbí?